Ibi Tí D'Tigress Ti Kọ́ṣẹ́: Bí Eré Kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì Àwọn Yunifásítì Ṣe Gbé Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Obìnrin Nàìjíríà Dìde

Láti ọdún 2017 sí 2025, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ìdíje AfroBasket àwọn obìnrin wáyé, ìyẹn ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n láàrin àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní Bamako, Dakar, Yaoundé, Kigali àti Abidjan, D'Tigress tí í ṣe ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà ló sì gba ife ẹ̀yẹ ní ẹ̀ẹ̀márààrún. Ẹni tó bá wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n, yálà ní Èkó tàbí nínú ìsọ̀ kan ní Ọjà Sabon Gari ní Kano, ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gbá a ni yóò rí. Kò ní rí ọ̀pọ̀ ọdún tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ti lò lẹ́nu eré mìíràn tí kò ní àsíá orílẹ̀-èdè kankan, èyí tí í ṣe eré kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti di ògbóǹtarìgì kí àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Nàìjíríà, NBBF, tó fi ìwé pè wọ́n.

Kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì ni ẹgbẹ́ tí àwọn yunifásítì kan dá sílẹ̀ láàrin ara wọn, tí wọ́n fẹnu kò sí i pé ikọ̀ wọn yóò máa pàdé lọ́dọọdún lábẹ́ òfin kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtòsí ló so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀, kí ọkọ̀ lè gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kí ó sì gbé wọn bọ̀ láì pa ẹ̀kọ́ wọn lára. Àwọn tó lókìkí jù ni SEC ní gúúsù ìlà-oòrùn, ACC ní etíkun Àtìláńtíìkì, Big Ten àti Big 12, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké pọ̀ ju àwọn ńlá lọ, gbogbo wọn sì lé ní 30 ní ìpele tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní Division I. Oṣù kọkànlá ni sáà eré ń bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yunifásítì máa ń bá àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìparí oṣù kejìlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ni eré kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì gan-an yóò wá dé, eré bíi 16 sí 18 nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nílé àti lẹ́yìn odi.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tàbí púpọ̀ nínú wọn yóò péjọ fún ìdíje àṣekágbá kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì, nínú èyí tí ẹni tó bá pàdánù yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, tí ẹni tó borí yóò sì gba ìwọlé tààrà sínú ìdíje orílẹ̀-èdè tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń ṣe lóṣù kẹta fún ikọ̀ 68. Àwọn ààyè tó kù wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan tó ń yẹ àbájáde gbogbo sáà wò, tó sì ń lo ètò ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní NET, èyí tó wọ eré àwọn obìnrin ní sáà 2020 sí 2021. Nínú ètò yìí, kì í ṣe iye ìgbà tí ikọ̀ borí nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n ń wo ẹni tí ikọ̀ náà borí àti ibi tó ti borí rẹ̀, débi pé ìṣẹ́gun kan lórí alágbára nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ lè wúlò ju mẹ́ta lọ lórí aláìlágbára nílé. Ìdí nìyí tí pípàdánù nínú SEC kò fi sọ ikọ̀ di yẹpẹrẹ, tó sì fi jẹ́ pé ikọ̀ inú kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì kékeré lè borí lọ́pọ̀ ìgbà kí ó má sì rí ọ̀nà wọlé bí kò bá gba ife kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì rẹ̀.

Èrè tó wà nínú eré kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì fún agbábọ́ọ̀lù kò jọ ti ìdíje ọlọ́jọ́ díẹ̀. Bí àwọn oníṣòwò méjì tí ìsọ̀ wọn kọjú síra ní Ọjà Sabon Gari ṣe mọ iye tí ẹnì kejì lè dín ọjà rẹ̀ kù dé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ikọ̀ kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì ṣe mọ ara wọn: ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ ní oṣù kìíní ti wà lórí fídíò ní ọjọ́ kejì, ẹni tí kì í fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù yóò sì rí i pé gbogbo olùdíje ló ń tì í sí apá òsì títí tí yóò fi kọ́ ọ. Bí a bá fi eré 16 lọ́dún ṣe ìṣirò, ọmọbìnrin tó bá lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì yóò ti gbá eré kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì 64, láì tíì ka èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìpàgọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta kankan tó lè dípò irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní yìí kò pẹ́ tó bí àwọn kan ṣe lè rò. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Title IX, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1972, ló kà á léèwọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láti ya obìnrin sọ́tọ̀ nínú ètò rẹ̀, èyí sì mú kí àwọn yunifásítì máa fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ fa àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin mọ́ra bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkùnrin. Ọdún 1982 ni NCAA ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdíje àwọn obìnrin àkọ́kọ́. Louisiana Tech ló gba ife náà, ikọ̀ tó sì na nínú àṣekágbá ni Cheyney State, yunifásítì àwọn adúláwọ̀ ní Pennsylvania. Nígbà tó fi máa di 2024, iye ènìyàn tó wo àṣekágbá àwọn obìnrin, nínú èyí tí South Carolina ti fi àmì 87 sí 75 na Iowa, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 19, ó sì ju ti àwọn ọkùnrin lọ ní ọdún kan náà.

Ọ̀nà méjì ni ọmọ Nàìjíríà gbà wọ inú ètò yìí. Àwọn kan jẹ́ ọmọ àwọn òbí tó lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀; àwọn mìíràn ni wọ́n rí nílé tí wọ́n sì mú lọ. Nneka àti Chiney Ogwumike, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó gbá fún Stanford, ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́, nítorí àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ amọṣẹ́dunjú WNBA kọ́kọ́ pè, Nneka ní 2012, Chiney ní 2014. Evelyn Akhator wà nínú ìsọ̀rí kejì: Èkó ni wọ́n ti bí i, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Chipola ní Florida ló kọ́kọ́ gbà á, kí ó tó lọ sí Kentucky nínú SEC, ipò kẹta sì ni Dallas Wings ti pè é ní 2017. Elizabeth Balogun náà gba ọ̀nà yìí, ó sì gbá fún Georgia Tech, Louisville àti Duke. Yunifásítì mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ACC kan náà ni, tó fi jẹ́ pé àwọn olùdíje rẹ̀ kò yí padà àfi aṣọ tó wọ̀.

Ti Ezinne Kalu yàtọ̀, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Newark ní New Jersey ni wọ́n ti bí i, kì í sì í ṣe yunifásítì olókìkí ló lọ, bí kò ṣe Savannah State ní Georgia, tó wà nínú MEAC nígbà náà, kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì àwọn yunifásítì tí a dá sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀. Ní 2015, ikọ̀ náà gba ife kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ wọ ìdíje NCAA fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Dakar, níwájú àwọn ará Senegal fúnra wọn, Nàìjíríà borí Senegal pẹ̀lú àmì 60 sí 55, Kalu ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú ìdíje náà. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ tí ìpàdánù kan lóṣù kẹta ti ń pa ọdún run kò ní tìtorí ariwo Dakar gbọ̀n.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Nàìjíríà ti gba ife Áfíríkà ní 2003 àti 2005. Láàrin méjèèjì ni ìdíje Òlíḿpíìkì Athens 2004 wà, níbi tí wọ́n ti fi àmì 68 sí 64 na South Korea, ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí ikọ̀ obìnrin Áfíríkà kan ní nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Òlíḿpíìkì. Mobolaji Akiode, tó gbá fún yunifásítì Fordham nínú kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì Atlantic 10, wà nínú ikọ̀ náà, òun ló sì rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó: ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ń rí ọ̀nà, ti ilé kò rí i. Ó fi iṣẹ́ ìṣirò-owó tó ń ṣe ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN sílẹ̀, ó sì dá Hope 4 Girls Africa sílẹ̀, ètò ìpàgọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré tó sì ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn 2005, ọdún 12 kọjá láìsí ife. Àṣìṣe ni yóò jẹ́ láti sọ pé ẹ̀bùn tán láàrin àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ní àkókò yẹn, nítorí ìgbà náà gan-an ni Adaora Elonu wà lára ikọ̀ Texas A&M tó gba ife NCAA ní 2011. Nígbà tí ìran yìí wá péjọ sínú D'Tigress, ayé rí i: ní Ife Àgbáyé 2018 ní Tenerife wọ́n na Turkey, Argentina àti Greece, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ní Paris 2024 wọ́n na Australia 75 sí 62 àti Canada 79 sí 70 kí Amẹ́ríkà tó dá wọn dúró ní irú ìpele yẹn, ibi tí ikọ̀ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò tíì dé rí ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Òlíḿpíìkì. Rena Wakama, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, pàápàá jẹ́ ọmọ kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì. Western Carolina nínú Southern Conference ló gbá fún, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Stony Brook ló sì jẹ́ nígbà tí wọ́n yàn án ní 2023.

Ìjọba kò ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Ní oṣù karùn-ún 2022, nítorí ìjà lórí ẹni tó ni NBBF, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà kò ní kópa nínú ìdíje àgbáyé fún ọdún méjì. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà lóṣù kẹfà, ṣùgbọ́n a ti fi Mali rọ́pò D'Tigress fún Ife Àgbáyé ní Sydney.

Nílé, àwòṣe kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì wà, àmọ́ ẹran ara rẹ̀ kò tó. Líìgì àwọn obìnrin tí Zenith Bank ń náwó sí pín sí méjì, Savannah Conference fún apá òkè àti Atlantic Conference fún apá gúúsù. Orí irú ìpín kan náà ni Kano Pillars ti ń gbá nínú líìgì àwọn ọkùnrin. Kì í ṣe nílé àti lẹ́yìn odi ni wọ́n ń gbá líìgì obìnrin náà, ńṣe ni wọ́n ń kó àwọn ikọ̀ jọ sí ìlú kan kí wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ti àwọn yunifásítì tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966 pẹ̀lú yunifásítì márùn-ún, lára wọn ni Ahmadu Bello ní Zaria. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ni èyí tí Yunifásítì Èkó gbà lálejò ní 2022, ìyẹn 26 láàrin ọdún 56. Ọmọ Sabon Gari tó bá wọ Yunifásítì Bayero, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá nídìí àwọ̀n, lè gbá NUGA méjì péré kí ó tó gboyè, bí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kò bá gbé ọ̀kan lọ.

Ètò Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń yí padà báyìí. Ìtòsí kò tún so kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì pọ̀ mọ́: ní 2024, yunifásítì mẹ́wàá fi Pac-12 ti ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀, Stanford sì wà nínú ACC ti etíkun kejì lónìí, nítorí owó tẹlifíṣọ̀n. Láti oṣù keje 2021, wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, láti 2025 sì ni yunifásítì ti lè san owó fún wọn tààrà. Àmọ́ físà F-1 tí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ń lò dín iṣẹ́ tó lè gbowó lé lórí kù gidigidi ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà méjì lè gbá eré kọ́nfẹ́rẹ́ǹsì kan náà nínú ikọ̀ kan náà, kí èyí tí wọ́n bí sí New Jersey máa gbowó, kí èyí tí wọ́n bí sí Èkó tàbí Kano sì máa kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò léèrè bóyá gbígbà á kò ní gba físà lọ́wọ́ òun.