Ohùn Ni Báńjò Ń Tẹ̀ Lé

Ọmọdé ni Dan Maraya Jos, tí wọ́n bí ní Bukuru lẹ́bàá Jos lọ́dún 1946, nígbà tó rìnrìn àjò dé Màídúgùrì. Àwọn olórin tó bá nílùú náà wù ú débi pé òun náà ṣe kuntigi tirẹ̀. Ohun èlò olókùn kan ṣoṣo ni kuntigi. Agolo sadíìnì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ikùn rẹ̀, wọ́n á sì fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú. Òun ló fi kọ Wakar Karen Mota, orin àwọn ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀, tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kò sì fi kuntigi sílẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 2015.

Ẹni tó bá ń gbé Bulumkutu lónìí, ládùúgbò Màídúgùrì tí oríṣiríṣi èdè ti ń pàdé, tó sì fẹ́ fi báńjò gbe orin ìbílẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, kó kọ́kọ́ fetí sí kuntigi. Nígbà tí Dan Maraya bá dákẹ́ ẹnu, ìka rẹ̀ á máa yípo lórí ọ̀wọ́ ìró kan náà tó yàn fún orin ọ̀hún, kíákíá, láìsinmi. Tó bá tún gbé orin sẹ́nu, okùn á yà bá ohùn lọ. Ohùn gòkè, okùn gòkè. Elégbè gidi nìyẹn.

Báńjò fúnra rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa ni. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba orí òkun ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ dé Caribbean àti Amẹ́ríkà. Dókítà Hans Sloane rí irú ohun èlò oníkèrègbè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní Jamaica ní 1687 sí 1688. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Daniel Jatta, ọmọ ẹ̀yà Jola láti Gambia, pe àkíyèsí àwọn olùwádìí sí akonting ilé wọn: igbá tí wọ́n fi awọ bò, okùn mẹ́ta, ọ̀kan kúrú tí àtàńpàkò ń ta. Okùn kúkúrú yẹn ṣì wà lára báńjò olókùn márùn-ún dòní. Mólò, ohun èlò olókùn àwọn Hausa, ìbátan báńjò àti akonting ni. Ní Èkó, Tunde King fi gìtá-báńjò kọ jùjú ní àwọn ọdún 1930, Ayinde Bakare náà sì ta yùkùlélé-báńjò kó tó mú gìtá oníná lọ́dún 1949.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń mú okùn bá orin mu?

Ẹnu ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí olórin kọ orin náà láìfọwọ́ kan okùn, kó sì ṣọ́ ibi tí ohùn máa ń padà wá sinmi bí gbólóhùn bá parí. Níbi púpọ̀, ibẹ̀ ni do orin náà. Okùn kúkúrú ni yóò di ohùn yẹn mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ètò tó wọ́pọ̀ jù, bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn kúkúrú, ni G, D, G, B, D: do, so, do, mi, so. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ Yorùbá kò sì ju ìró márùn-ún lọ, ìyẹn do, re, mi, so àti la. Re àti la nìkan ló kù láti wá. Tí wọ́n bá tẹ okùn G gígùn lẹ́yìn irin kejì lọ́rùn báńjò, re dé. Tí wọ́n bá tẹ okùn D níbẹ̀, la dé. Gbogbo orin ti pé sábẹ́ ìka kan! Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá lè ṣe é.

Bí orin bá ń yẹra fún mi tó sì ń kan fa, kí wọ́n fa okùn B le díẹ̀ kó di C. Bí ohùn olórin bá ga ju ti okùn lọ, kí wọ́n fi kápò, ìyẹn ìdè tó ń tẹ àwọn okùn gígùn pa pọ̀, de ọrùn báńjò, kí wọ́n má sì gbàgbé okùn kúkúrú, nítorí kápò kì í kàn án. Iye tí àwọn yòókù fi gòkè ni òun náà gbọ́dọ̀ gòkè.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kọ́ọ̀dù, ìyẹn ìró mélòó kan tí wọ́n ta pa pọ̀. Àwọn tó ti ta gìtá rí máa ń kó kọ́ọ̀dù mẹ́ta lé orin tí kò bèèrè fún un, ohùn olórin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí yóò gbà bá kọ́ọ̀dù lọ. T. K. Ekundayo Phillips, tó ta dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953, ó sì ja fún un pé kí orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Tí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń rẹlẹ̀, ìtumọ̀ ti sọ nù. Hausa àti Kanuri náà, èdè olóhùn ni wọ́n, ìdí nìyí tí ọgbọ́n kuntigi fi bá tiwa mu. Kí báńjò máa ta ìró orin gan-an nígbà tí ẹnu ń kọ ọ́. Nígbà tí ẹnu bá dákẹ́ ni kó gbé àrà tirẹ̀ yọ.

Ojú ọjọ́ Màídúgùrì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Awọ ewúrẹ́ máa ń le lásìkò ọyẹ́, ohùn okùn á sì gòkè; bí òjò bá dé, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ike ni wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀pọ̀ báńjò ìgbàlódé, ìyẹn kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ okùn irin ṣì máa ń dẹ̀ nínú ooru oṣù kẹrin. Níta gbangba, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ta á gan-an, ni kí wọ́n ti tún ohùn rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn tí báńjò bá ti wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀.