Tiráfíkétọ̀ Tí Kò Tàn

Ní Woolwich, apá púpọ̀ nínú Powis Street jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀. Ọkàn ẹni tó ń rajà níbẹ̀ máa ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun rẹ̀, lẹ́bàá ilé sinimá Granada àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1937, ọkọ̀ ń lọ ń bọ̀ lójú ọ̀nà A205.

Báwo ni ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ yà? Iná ló ń wò. Àwọn ará London ń pè é ní indicator, àwọn awakọ̀ nílé ń pè é ní tiráfíkétọ̀. Òyìnbó ló kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà: apá kékeré tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Òfin ìlú Britain ti 1989 ní kí iná yìí máa ṣẹ́jú ní ìgbà 60 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí gílóòbù kan bá jó, èyí tó kù sábà máa ń yára ṣẹ́jú. Awakọ̀ á gbọ́ ọ nínú ọkọ̀: ta-ta-ta-ta! Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ ò gbọ́ ọ o. Ó rò pé ọkọ̀ ń lọ tààrà, ló bá sọ̀kalẹ̀ sí títì.

Láti 2022, Highway Code ní kí awakọ̀ tó fẹ́ yà fún ẹlẹ́sẹ̀ tó ń dúró láti sọdá láyè. Ẹ̀yin awakọ̀, bí iná bá kú, ẹ na ọwọ́ síta, kí ẹ sì pààrọ̀ gílóòbù kíá. Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀, ẹ má wo iná nìkan, ẹ wo táyà iwájú pẹ̀lú. Iná lè kú, ṣùgbọ́n táyà ló ń yí ọkọ̀.