Kọ̀ǹpútà yín fẹ́ sáré sí i? Ẹ ṣọ́ra fún fólítéèjì

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn. Láti abẹ́ afárá títí lọ sí ọ̀nà Challenge, ẹ ó rí ẹni tó ń tẹ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, àti ẹni tó ń to fídíò òde àríyá pọ̀. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń rò: kọ̀ǹpútà ti ń falẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, owó tí wọ́n máa fi ra tuntun kò sì sí nílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ pé ọgbọ́n kan wà tí kọ̀ǹpútà fi lè máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó máa sáré lọ. Overclocking ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe irọ́ o. Àmọ́ fólítéèjì tó wà nídìí rẹ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́, òun gan-an ni wọn kì í sì í ṣàlàyé fún oníbàárà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fólítéèjì yìí dàrú mọ́ yín lójú. Kì í ṣe 230 tó ń ti ọ̀dọ̀ IBEDC wá là ń sọ. Power supply inú kọ̀ǹpútà ló ń sọ 230 yẹn di 12, motherboard á tún sọ 12 di nǹkan bí 1 tàbí díẹ̀ lé kó tó gbé e fún processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyí tí stabilizer tí ẹ rà kò fi lè gbà yín lórí èyí. Bí ẹ bá ní kí processor sáré jù, fólítéèjì tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè má tó o mọ́. Kọ̀ǹpútà á máa kú fúnra rẹ̀, tàbí kí ojú rẹ̀ kàn di búlúù lójijì. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró dáadáa á wá fi díẹ̀ kún fólítéèjì náà.

Ìṣirò ibẹ̀ ló yẹ kí oníṣòwò mọ̀. Bí ẹ bá fi ìdá 10 nínú 100 kún eré processor nìkan, iná tó ń jẹ á fi nǹkan bí ìdá 10 lé sí i. Ti fólítéèjì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fi í lu ara rẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹ gbé e láti 1.20 sí 1.32, ìdá 10 péré nìyẹn, iná tó ń jẹ á lọ sókè ní ìdá 21. Ẹ wá pa eré àti fólítéèjì pọ̀, ó di nǹkan bí ìdá 33. Processor tó ń jẹ wáàtì 90 tẹ́lẹ̀ ti di wáàtì 120 nìyẹn. Kí lẹ rí gbà níbẹ̀? Fídíò tó ń gba wákàtí kan kó tó jáde lè wá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 55. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan.

Owó iná kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀. Wáàtì 30 tó lé yẹn, fún wákàtí 8 lóòjọ́ àti ọjọ́ 26 lóṣù, kò ju yúníìtì 6 àti díẹ̀ lọ. Ní ₦225 tí NERC kéde fún àwọn oníbàárà Band A ní April 2024, kò ju nǹkan bí ₦1,400 lọ. Ooru ni kí ẹ bẹ̀rù. Àwọn tó ń kọ ìtọ́sọ́nà nílẹ̀ òyìnbó gbà pé yàrá tutù tó digiri 20 tàbí díẹ̀ lé. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní Mọ́lété lóṣù March lè lé ní 33. Digiri tí yàrá yín bá fi gbóná ju tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni processor yín á fi gbóná ju tiwọn lọ. Processor tí wọ́n rí ní 75 lọ́hùn-ún á ti súnmọ́ 90 níbí, eruku ọ̀nà ò tíì dé inú fáànù o! Bí ooru bá sì ti tó nǹkan bí 100, ọ̀pọ̀ processor Intel ló máa ń dín eré kù fúnra wọn. Ẹ ti náwó tán, eré tí ẹ wá ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. Ti Intel tó gba irú iṣẹ́ yìí máa ń ní lẹ́tà K lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀, bíi i5-2500K tó jáde ní 2011, motherboard rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó gbà á. Ọ̀pọ̀ Ryzen ti AMD gbà á. Àmọ́ Dell OptiPlex àti àwọn HP tí wọ́n ń kó wá láti ọ́fíìsì òyìnbó, èyí tó kún ọjà tòkunbọ̀ wa, wọn kì í fi ibi tí wọ́n ti ń yí fólítéèjì sínú BIOS wọn. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é lórí irú ìyẹn, ẹ bi í léèrè dáadáa. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀, kí ẹ fi RAM kún un. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á hàn sí oníbàárà kíákíá.

Ẹni tí iṣẹ́ fídíò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì gbà á, sùúrù ló máa fi ṣe é. Kó kọ́kọ́ gbọn eruku, kó pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín processor àti irin tó ń fa ooru rẹ̀. Kó fi fóònù ya àwòrán gbogbo ohun tó wà nínú BIOS kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Eré ni kó kọ́kọ́ fi kún, 100 MHz lẹ́ẹ̀kan, kí fólítéèjì ṣì wà níbi tó wà. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, kó fi Prime95 tàbí Cinebench dán an wò, kó máa wo ooru rẹ̀. Níbi tó bá ti kú, kó padà sẹ́yìn díẹ̀, kó dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ síwájú lè fi 0.01 tàbí 0.02 kún fólítéèjì, kó tún dán an wò. Ooru ò gbọdọ̀ kọjá 80 sí 85. Kó má fi fólítéèjì sí Auto, nítorí ọ̀pọ̀ motherboard máa ń bù ju ohun tí processor nílò lọ. Nọ́ńbà tó bá processor kan mu kì í sì í bá òmíràn mu, nítorí náà, kó má kàn da ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. UPS ṣe pàtàkì: bí iná bá ń ṣẹ́jú láàárín ìdánwò, ẹ ò ní í mọ̀ bóyá processor ló kú ni tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ṣe é. Bí ojú rẹ̀ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ yọ bátìrì róbótó CR2032 inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. BIOS á padà sí bó ṣe wà.

Bí ẹ bá rò pé à ń dẹ́rù bà yín ni, ẹ wo àwọn tó ń ṣe é gan-an. Ní 2023, àwọn Ryzen 7000 kan jóná lórí motherboard, AMD sì ní kí fólítéèjì SoC wọn má kọjá 1.3 mọ́. Ní July 2024, Intel jẹ́wọ́ pé fólítéèjì tó ga jù ló ń da àwọn processor ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ti orí tábìlì láàmú. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde, wọ́n fi ọdún 2 kún gáráńtì, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Tòkunbọ̀ tiyín kò ní gáráńtì kankan.

Ọ̀nà kejì wà tí mo rò pé ó bá ṣọ́ọ̀bù wa mu jù: kí ẹ fi eré sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ dín fólítéèjì kù. Láti 1.20 sí 1.10, iná tí processor ń jẹ lábẹ́ iṣẹ́ líle á fi nǹkan bí ìdá 16 dín kù, bó bá gbà á láìkú. Wáàtì 90 á di 76, fáànù á dákẹ́, bátìrì inverter á pẹ́ díẹ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú ìdánwò kan náà. Ṣùgbọ́n láti December 2019, tí àwọn olùwádìí ti fi hàn pé ọ̀daràn lè gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yìí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká Intel. Ẹ wo inú BIOS tiyín kí ẹ tó pe ẹni tó máa ṣe é.