Ìwé Álífábẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́ranko fún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò tóbi lójú: ìwé tí a fi àwòrán ẹranko kọ́ ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń yẹ ìwé ìdánwò wò mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ìwé mẹ́wàá ṣì ń kọ ‘eja’ dípò ‘ẹja’, tí yóò sì máa ka gb sí lẹ́tà méjì. A gbà pé láti inú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni díẹ̀ nínú àṣìṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà 25 ni Yorùbá ní, fáwẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ A nìkan, ajá wà, àgbò wà, àgùntàn, aláǹgbá. Kọ́ńsónáǹtì ni kì í rọrùn. K rí kìnnìún àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, L rí labalábá, P rí pẹ́pẹ́yẹ, T rí tòlótòló. Ní ti U, kò rí nǹkan kan, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tilẹ̀ ń pe ilé ní ‘ulé’. Ẹni tó bá ní dandan ni kí U ní ẹran tirẹ̀, irọ́ ni yóò pa fún ọmọ. Kí ó ya eku, kí ó fi ọ̀dà pupa kọ u tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Bákan náà ni àgbò lè ṣe fún Gb, kí ọmọ rí i ní àwọ̀ kan ṣoṣo, bí lẹ́tà kan. (Ìwé tó bá ṣì ń kọ ‘ẹiyẹ’ lẹ́yìn àkọtọ́ 1974, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.)

Bí a ṣe ń kà á fún ọmọ ṣòro ju yíyan ẹran lọ. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ‘A, ajá’ ni à ń kọ́ ọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ajá aládùúgbò gba ojúde kọjá, ọmọ nawọ́ sí i, ó kígbe pé, ‘A! A ń lọ!’ Àṣé orúkọ ajá ló pe lẹ́tà náà. Ẹ̀bi wa ni. Láti ìgbà náà, ẹran la kọ́kọ́ ń dárúkọ: báwo ló ṣe ń ké, kí ló ń jẹ, ta ló ní irú rẹ̀ ládùúgbò? Bí ọmọ bá ti sọ tirẹ̀ tán ni a tó fi ìka tọ́ lẹ́tà.

Ohùn náà kò gbọdọ̀ dúró de ilé-ìwé. Ẹ ya ẹfọ̀n pẹ̀lú ìwo rẹ̀, kí ẹ ya ẹ̀fọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ pe méjèèjì ketekete. Ọmọ yóò rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ yóò sì ti gbọ́ ìyàtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ àmì ohùn fún un. Agbọ́n, agbọ̀n àti àgbọn tún wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló ń ta ni.

Ewúrẹ́, adìyẹ àti ológbò ni kí ó wà níwájú ìwé. Kí ràkúnmí wà lẹ́yìn.