Íápíìsì olówó pọ́ọ́kú: Ẹ wo rọ́bà ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó wo orúkọ ara páálí

Lọ́jọ́ kan, mo ra íápíìsì ní Computer Village, Ìkẹjà, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó kó wọn sọ́rùn bí ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju agbára mi lọ. Mo délé, mo ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀rọ orin alágbèéká mi, mo sì fi àpàlà Haruna Ishola sí i. Ohùn bàbá náà ń jáde ketekete, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, àmọ́ n kò gbọ́ agídìgbo, èyí tó yẹ kó máa rìn gbùngbùn nísàlẹ̀ orin. Inú bí mi. Mo ti fẹ́ yọ ọ́ sọ nù nígbà tí ìka mi ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ wọ etí díẹ̀ sí i. Kíá, agídìgbo dé. Mo mú ìka kúrò, agídìgbo tún lọ.

Rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló kéré fún ihò etí mi. Oríṣi méjì mìíràn wà nínú páálí, nínú ọ̀rá kékeré kan tí n kò tilẹ̀ tú. Mo fi èyí tó tóbi jù pààrọ̀ rẹ̀, agídìgbo sì jókòó sípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ìrọ̀rùn etí àti adùn ohùn jẹ́ nínú íápíìsì, àti pé rọ́bà tí a kì í kà sí yẹn ló so méjèèjì pọ̀.

Ìlù kékeré nínú etí

Ìlù ni íápíìsì. Awọ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀, tó sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 10, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Wáyà bàbà wínníwínní tí wọ́n wé róbótó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awọ náà, òòfà sì wà nítòsí rẹ̀. Bí iná orin bá ti ń gba inú wáyà kọjá, òòfà a máa fà á, a sì máa tì í, awọ náà á sì máa gbọ̀n bí ojú dùndún tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín rẹ̀ àti awọ tó wà nínú etí yín náà á gbọ̀n. Orin dé nìyẹn.

Awọ tó kéré báyìí kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ohun tó ń gbà á là ni pé ihò etí náà kéré, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Tí rọ́bà bá dí ẹnu ihò náà pinpin, gbogbo ìgbọ̀n náà ló máa dé inú. Tí àlàfo bá wà, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sá. Ohùn tó wálẹ̀ dáadáa lè gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lọ́ra débi pé afẹ́fẹ́ máa ń ráyè gba àlàfo jáde kó tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ohùn òkè tó ń gbọ̀n ní ìgbà 5,000 kò fún un láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà: tí ẹnu ọ̀pá bá ń jò, ẹ̀rọ lè pariwo títí di alẹ́, táyà kò ní le.

Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè ra íápíìsì kan náà, kí ọ̀kan ní ó dùn, kí èkejì ní kò dára rárá. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Etí wọn ni kò dọ́gba. Kódà, etí ọ̀tún àti tòsì ẹnì kan ṣoṣo lè má dọ́gba, kó jẹ́ pé rọ́bà kékeré ló bá ọ̀kan mu, tí èyí tó tóbi díẹ̀ bá èkejì mu. Kò sí òfin tó ní kí ẹ fi irú kan náà sí méjèèjì.

Báyìí ni kí ẹ ṣe dán an wò. Ẹ fi ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí, kí ẹ fa etí ọ̀tún sókè àti sẹ́yìn díẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè tọ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti íápíìsì náà bọ̀ ọ́. Ẹ tan orin. Kí ẹ la ẹnu, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń jẹran. Tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹ ti ń mi àgbọ̀n, rọ́bà náà kéré. Tí etí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tóbi. Rọ́bà fóòmù tún wà, èyí tí à ń fi ìka lọ́ kó tó wọ etí, tó sì máa wú fúnra rẹ̀ nínú ihò. Ó rọ̀ ju ti sílíkóònù lọ, àmọ́ òógùn àti epo etí tètè máa ń bà á jẹ́.

Àwọn etí kan wà tí kò gba ìkìbọ̀ rárá. Wọn kò ní láti jìyà. Nígbà tí iléeṣẹ́ Sony gbé ẹ̀rọ orin alágbèéká Walkman jáde ní Japan ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1979, agbọ́hùn fífúyẹ́ tó ní fóòmù, tó kàn ń sinmi lé etí lórí, ló bá a wá. Irú rẹ̀ kò tíì kú. Koss ti Amẹ́ríkà ṣì ń ṣe Porta Pro tó ti ń tà láti ọdún 1984, wọ́n sì ní KSC75, tó máa ń há ara rẹ̀ mọ́ etí láìwọ inú ihò. Íápíìsì funfun tí Apple fi ti iPod lẹ́yìn ní ọdún 2001 ló gbajúmọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ó le, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló sì ní, bí ẹni pé etí gbogbo ayé dọ́gba.

Ṣé owó gọbọi ló ń mú ohùn dùn?

Ní ọdún 2017, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ohùn ní Amẹ́ríkà. Ó wo àbájáde ìwọ̀n ohùn tó ń jáde láti inú agbọ́hùn 283, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì fi wé iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò rí i pé èyí tó wọ́n ń gbé ohùn jáde bó ṣe yẹ ju èyí tí kò wọ́n lọ. Owó ń ra nǹkan mìíràn o: irin tó lágbára, wáyà tó ń pẹ́, ẹ̀rọ tó ń pa ariwo òde, àti orúkọ.

Àwọn aṣelọ́jà ní Ṣáínà ti lo àyè yìí dáadáa. Moondrop Chu àti 7Hz Salnotes Zero jáde ní ọdún 2022 ní nǹkan bíi 20 dọ́là, àwọn tó ń fi etí ṣiṣẹ́ sì yìn wọ́n. Mo mọ̀ pé 20 dọ́là kì í ṣe owó kékeré mọ́ tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà. Àmọ́ wáyà Zero ṣeé yọ, nítorí náà tó bá já, wáyà nìkan lẹ máa rà. Wáyà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, níbi ọrùn ẹnu tí à ń kì bọ ẹ̀rọ. Bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ orin yín sì ní ihò, oníwáyà ni kí ẹ rà. Nínú aláìníwáyà, lára owó yín ti bá bátìrì àti Bluetooth lọ kó tó kan ohùn.

Rọ́bà tó dí etí dáadáa tún ní èrè tó ju adùn lọ. Nínú dáńfó, ẹni tí íápíìsì rẹ̀ ń jò á máa yí ohùn sókè kó lè borí ẹ́ńjìnì àti kọ̀ńdọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn lè gbọ́ ohùn tó wà ní dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Àjọ náà ní ó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́ tí ewu etí dídi ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí nítorí ìgbọ́kùgbọ́. Àwọn irun kéékèèké tó ń gba ohùn nínú etí kì í hù padà tí wọ́n bá ti kú. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fò títì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ lẹ́tí, kí ẹ lè gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀rọ orin yín dání lọ sí ọjà, kí orin tí ẹ mọ̀ bí ẹní mowó wà nínú rẹ̀. Ẹ fẹ̀sọ̀ nu ẹnu íápíìsì náà kó tó kan etí yín. Tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ń gún yín létí, tàbí tí ìyáàlù bá bo ohùn olórin mọ́lẹ̀, ẹ dá a padà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kó rọ́bà yòókù jáde kí ẹ rí i. Bí kò bá ní ju oríṣi kan lọ, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.