Ẹ̀wọ̀n: Ṣé Fún Ìyà Ni, Tàbí Fún Àtúnṣe?

Bí ọwọ́ bá tẹ olè, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ni pé, "Kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, kí ojú rẹ̀ rí màbo!" A kò bá ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀ wí bí inú bá ń bí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nígbà tí ọdún olè náà bá pé, irú ènìyàn wo ni yóò padà wá sí àdúgbò wa?

Ẹ wo orílẹ̀-èdè méjì. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ wọ́pọ̀. Ìjọba wọn tọpa àwọn tí ìpínlẹ̀ 30 dá sílẹ̀ ní 2005. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ọlọ́pàá ti tún mú nǹkan bí 68 nínú 100 wọn.

Ní Norway, pípàdánù òmìnira ni ìyà náà. Wọn kì í fi òmíràn kún un. Odi gíga yí ọgbà ẹ̀wọ̀n Halden ká, èyí tí wọ́n ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin àti oúnjẹ sísè níbẹ̀. Nínú àwọn tí Norway dá sílẹ̀ ní 2005, nǹkan bí 20 nínú 100 ni adájọ́ tún dá lẹ́bi láàárín ọdún méjì. Lóòótọ́, kí ọlọ́pàá múni yàtọ̀ sí kí adájọ́ dáni lẹ́bi. Síbẹ̀, ẹni tí ó jáde pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́ lè jẹun láìjalè.

Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ọdún 2019 sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n wa di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Ó fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n, ó sì ní kí a kọ́ ẹlẹ́wọ̀n níṣẹ́. Èyí dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a tì mọ́lé ni adájọ́ kò tí ì dá lẹ́bi. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dúró dè, àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń jìyà kí a tó mọ̀ bóyá wọ́n jẹ̀bi. Orúkọ tuntun nìkan kò lè tún èyí ṣe, àfi kí ẹjọ́ máa yá.

A kò ní kí a má bá arúfin wí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ọ̀gá kápẹ́ńtà, wẹ́dà àti télọ̀, bí ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé bá wá tọrọ iṣẹ́, ẹ máa ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò. Bí gbogbo wa bá lé e, ta ni yóò gbà á, bí kò ṣe àwọn tí ó kọ́ ọ lólè?