Ọjà orí ayélujára tó bàjẹ́: Òfin ní kí wọ́n dá owó padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni oníbàárà yóò ti gbà á?

Ẹni tó bá fẹ́ ra fáànù ní ọjà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ kì í deédé sanwó. Yóò ní kí wọ́n tan án wò, yóò gbọ́ bó ṣe ń dún, yóò yẹ wáyà rẹ̀ wò, kó tó di pé ọ̀rọ̀ kan iye tí wọ́n máa tà á. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe é nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Bí fáànù náà bá délé tó kọ̀ tí kò yí, ẹni tó rà á mọ ìsọ̀ tí yóò gbé e padà sí. Bí ọlọ́jà bá fẹ́ ṣe agídí, àwọn àgbà ọjà wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà wà níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́jà tó fẹ́ kí wọ́n máa pariwo níwájú ìsọ̀ òun lójú àwọn oníbàárà mìíràn.

Gbogbo èyí ni kò sí mọ́ nígbà tí èèyàn bá rajà lórí fóònù. Àwòrán lèèyàn ń rí, àwòrán ọ̀hún sì lè má jẹ́ ti ọjà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ rárá.

Ọdún 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ kí èèyàn jókòó sílé kó máa rajà di nǹkan tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Irú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń dá ọjà padà àti iye ọjọ́ tí oníbàárà ní láti ṣe é. Ẹni tó bá tètè ka ìlànà náà, tí kò sì jẹ́ kí ọjọ́ kọjá, ní ibi tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni àwọn èèyàn ti ń rajà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń wá bàtà tàbí páwà báǹkì, olùkọ́ nílùú Ọ̀yọ́ tó ń wá ẹ̀rọ ìlọta, ojú Facebook, Instagram tàbí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí ohun tí wọ́n fẹ́. Owó yóò ti inú àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, ọjà yóò wọ ọkọ̀ ní garéèjì kan l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, wọn yóò fi nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà ránṣẹ́ sí ẹni tó rà á. Wéèbíìlì ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí ẹni náà bá gba ẹrù ní garéèjì tó gbé e délé, tó tú u, ni yóò tó mọ̀ bóyá ohun tí òun rà ni wọ́n gbé fún òun.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta kò lọ ata. Bàtà ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ. Fóònù tí wọ́n pè ní tuntun ti fọ́ nínú. Wọ́n pe ẹni tó tà á, ó ní ọjà tó dára lòun fi ránṣẹ́, ó ní bóyá dẹ́rẹ́bà ló sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti dí ojú nọ́ńbà wọn.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé kò sí òfin kankan lórí irú nǹkan báyìí, pé àfi kí oníbàárà fọwọ́ lérán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà lónìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act, òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Òun ló rọ́pò òfin ọdún 1992 tó dá Consumer Protection Council sílẹ̀, òun náà ló sì sọ àjọ ọ̀hún di FCCPC tó wà l'Ábùjá báyìí.

Abala 122 òfin náà ló kan ẹni tó ń rajà lórí fóònù gbọ̀ngbọ̀n. Ohun tó sọ ni pé bí oníbàárà kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ọjà náà kò sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí, tàbí tí kò dára tó bí wọ́n ṣe sọ, oníbàárà lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Gbogbo owó, kì í ṣe ìdajì. Òfin náà kò ní kí oníbàárà gba òmíràn dípò rẹ̀ bí kò bá fẹ́. Abala yìí kan náà gba ẹni tó sọ fún ọlọ́jà pé iṣẹ́ báyìí lòun fẹ́ fi ọjà ọ̀hún ṣe, tó wá rí i pé kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ìlọta tó lè lọ ẹ̀wà àkàrà lòun ń wá, tí wọ́n sì fi èyí tí kò lè lọ ju ata lọ ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Abala 117 ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tó bá ta fóònù tòkunbọ̀ lórúkọ tuntun ti rú òfin náà. Abala 118 sì ní kí ọlọ́jà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ọjà tó tà: orúkọ ọlọ́jà, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà, ohun tí wọ́n rà àti iye tí wọ́n rà á.

Ó yẹ kí èèyàn mọ ibi tí òfin yìí mọ. Kò sọ pé ẹni tó kàn yí ọkàn padà, tó ní àwọ̀ aṣọ náà kò wu òun mọ́, lè dá a padà bí ọjà náà bá rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Ohun tí abala 120 gbà láyè ni kí oníbàárà fagi lé ọjà tó ti ní kí wọ́n bá òun fi pamọ́, kí wọ́n tó gbé e wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́jà lè yọ owó díẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu nínú rẹ̀. Níbi èyí ni ti Nàìjíríà ti yàtọ̀ sí ti Bìrìtìkó. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ra nǹkan lórí ayélujára, ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti sọ pé òun kò ṣe mọ́, láìsọ ìdí kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọjà kan wà tí ìlànà náà kò kàn. Ọdún 2013 ni wọ́n ti ṣe é. Bí ọjà bá sì ní àléébù, òfin wọn ti ọdún 2015 fún un ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Tiwa kò dárúkọ iye ọjọ́. Àkókò tó bọ́gbọ́n mu ló sọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ọjà tó bàjẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún oṣù méjì kó tó rántí pé òun fẹ́ gba owó.

‘A kì í dá owó padà’

Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lára rìsíìtì, ó sì pọ̀ lójú ìwé àwọn tó ń tajà lórí Instagram. Àwọn oníbàárà a rí i, wọn a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. FCCPC ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu, nítorí ọlọ́jà kò lè fi ìlà kan lórí rìsíìtì gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà. Ìjìyà tó wà fún ẹni tó bá tẹ ẹ̀tọ́ oníbàárà lójú kò kéré: ilé ẹjọ́ lè rán an lẹ́wọ̀n tí kò ní ju ọdún 5 lọ, tàbí kó ní kó san owó ìtanràn tí kò ní ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ, tàbí méjèèjì.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì rò pé àjọ náà kò léyín lẹ́nu, ní oṣù keje ọdún 2024, ó ní kí Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, san owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn èèyàn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà tó bàjẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kíyè sí. Meta ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì, ó ní lọ́yà. Ẹni tó ta ẹ̀rọ ìlọta fún olùkọ́ yẹn ńkọ́? Nọ́ńbà fóònù kan àti àkáǹtì kan tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn lásán ló ní.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Òfin wà, ẹni tí wọ́n máa fi mú ni kò sí. Abala 118 ní kí wọ́n fún oníbàárà ní rìsíìtì tó ní àdírẹ́sì, oníbàárà kò béèrè, ọlọ́jà kò sì fún un. Kò séèyàn tó máa ra àpò ìrẹsì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ lẹ́bàá títì kó sì sanwó kó tó rí àpò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lórí fóònù.

Owó ọkọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ká ní N18,000 ni wọ́n ra nǹkan ọ̀hún. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó láti lọ bá ọlọ́jà jà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ, ọjọ́ kan tí kò fi ṣiṣẹ́, kí ló kù? Àwọn tó ń ta ọjà tí kò dára mọ èyí, òun ni wọ́n sì gbójú lé. Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré sílẹ̀ ní 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, níbi tí èèyàn ti lè sọ ẹnu ara rẹ̀ láìní lọ́yà. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò l'Ékòó lè fi ìyẹn sọ́kàn bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọlọ́jà wà, tí owó tó wà nílẹ̀ sì tó ohun tí èèyàn ń lé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ọlọ́pàá

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn ni kí wọ́n lọ fi ọlọ́pàá mú ọlọ́jà. Abala 32 òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 ní wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ọjà tó bàjẹ́, tí ọlọ́jà kò sì fẹ́ dá owó rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà bá gba owó, tí kò fi ohunkóhun ránṣẹ́, tó sì pòórá, jìbìtì ni, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá àti EFCC. Níbi ti jìbìtì, báǹkì ni kí èèyàn kọ́kọ́ sáré pè, kì í ṣe lọ́la, lójú ẹsẹ̀ ni, nítorí bí owó bá ti kúrò nínú àkáǹtì tó kọ́kọ́ wọ̀, apá kì í sábà ká a mọ́.

Ní ti ọjà tó bàjẹ́, ojú ọ̀nà mẹ́ta ni òfin ọdún 2018 là sílẹ̀: kí oníbàárà lọ bá ọlọ́jà fúnra rẹ̀, tàbí àjọ tó ń mójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀, tàbí FCCPC. Ó sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Kò di dandan kí èèyàn dé Ábùjá. FCCPC ń gba ẹ̀sùn lórí ayélujára. Ohun tí wọ́n máa bi í ni ẹ̀rí: àwòrán ọjà bó ṣe wà nígbà tí wọ́n polówó rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ kọ ránṣẹ́ síra wọn, ìwé ẹ̀rí owó tó san, àti ìwé wéèbíìlì bó bá wà.

Nítorí náà, kó tó pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́ nínú ìbínú, kó dúró ná. Kó fi fóònù ya fídíò nígbà tó bá ń tú ẹrù, kí àléébù náà hàn. Kó kọ̀wé sí ọlọ́jà lọ́jọ́ náà gan-an pé òun kò gba ọjà yìí, kó sọ ohun tó ṣe é, kó dárúkọ abala 122, kó sì ní kó dá owó padà. Kó má kàn pè é nìkan, nítorí ìpè kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní kó fi ọjà ránṣẹ́ padà, kí wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó wéèbíìlì, kó gba àdírẹ́sì tó dájú, kó sì gba nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà kó tó gbé e fún un ní garéèjì. Ẹni tí kò tíì sanwó sì lè wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, kó mọ̀ bóyá wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, kó sì wò ó bóyá orúkọ yẹn náà ló wà lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kó sanwó sí.